Ẹ̀yin Olóko Píà Orí Fóònù, Ẹ Kú Ìṣirò

Ẹ̀yin olóko píà tí ẹ ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ oko rí, mo kí yín o. Àwa tí à ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀ ò tíì rówó kà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtàǹpàkò ro ojú fóònù ti kọ́lé, ẹ ti ra mọ́tò, ẹ sì ti ń bá ìyàwó jà lórí àwọ̀ tí ẹ máa kun ilé.

Mo mọ ìṣirò yín lórí. Ékà kan, igi 112 bí ẹ bá fi mítà mẹ́fà-mẹ́fà sí àárín wọn. Igi kan, ọmọ 200. Ọmọ kan, ₦500. Àròpọ̀: ₦11,200,000! Ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí. Màlúù kò sí níbẹ̀. Lébìrà tó gbowó oṣù mẹ́ta tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sí níbẹ̀. Ní Murang'a lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí píà ti di owó gidi, ọdẹ ni wọ́n ń gbà kó máa ṣọ́ igi lóru. Nínú ìṣirò tiyín, áńgẹ́lì ló ń ṣọ́ oko, kì í sì í gbowó oṣù.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham lókè òkun tún dára jù. Ó ní kí àbúrò máa fi fọ́tò oko píà ránṣẹ́. Àbúrò ya fọ́tò oko kòkó bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n ṣe àmín, ó fowó ajílẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹlòmíràn jẹ píà tán pẹ̀lú búrẹ́dì, ó ri kóró rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun ti di àgbẹ̀. Baba àgbẹ̀, kóró yẹn lè gba ọdún 5 sí 10 kó tó so, ohun tó bá sì so lè má jọ ìyá rẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi tó dáa mọ́ lára ló ń so láàárín ọdún 3 sí 4.

Ẹ sì ń pariwo Hass, Hass, orúkọ ẹ̀yà píà kan, àfi bíi pé ẹ jọ lọ síléèwé. Rudolph Hass alára, apínlẹ́tà ni ní California. Ní àwọn ọdún 1920, ó fẹ́ so ẹ̀ka Fuerte, ẹ̀yà píà mìíràn, mọ́ ọmọ igi kan, igi kọ̀ jálẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bẹ́ ẹ dànù kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó sọ pé èso rẹ̀ dùn. Ní 1935, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn èèyàn ra igi kan ṣoṣo, wọ́n lọ ń sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra wọn. Owó tó rí nídìí ìwé àṣẹ yẹn kò tó dọ́là 5,000. Ó ń pín lẹ́tà rẹ̀ lọ ni. Bí ẹni tó ni orúkọ bá ṣì ń pín lẹ́tà, ẹ̀yin tí ẹ kàn ń pe orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Hass yẹn gan-an, ibi gíga tí atẹ́gùn tútù wà ló fẹ́, bí orí òkè Mambilla. Píà tí àwọn baba wa ń gbìn sáàárín kòkó ni ooru ilé wa ti mọ́ lára.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé píà. Òdòdó rẹ̀ á kọ́kọ́ là bí obìnrin, á padé, á tún là lọ́jọ́ kejì bí ọkùnrin. Ti Hass ń ṣe obìnrin láàárọ̀, ó ń ṣe ọkùnrin lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ti Fuerte ń ṣe obìnrin lọ́sàn-án, ó ń ṣe ọkùnrin láàárọ̀. Ẹ wá gbin ẹ̀yà kan ṣoṣo: ìyàwó ti ṣílẹ̀kùn, ọkọ ò tíì jí. Ẹ tún wá fi oògùn kòkòrò pa oyin tó yẹ kó ṣe alárinà!

Píà ń mówó wọlé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ń ta ọmọ igi fún yín kàn ti kọ́kọ́ jẹ tiẹ̀ ni. Torí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ igi wo ló ti gé ẹ̀ka tó so mọ́ ọmọ igi náà. Ẹ wá ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, torí gbòǹgbò jíjẹrà ló pa igi Hass àkọ́kọ́ títí wọ́n fi gé e ní 2002. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀, kí ẹnu lè máa rí nǹkan jẹ títí yóò fi so. Kí ẹ sì lọ wo oko náà fúnra yín, kó tó di pé màlúù mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù yín lọ.