Adúmáadán, Ọ́ìlì Tí Kò Fẹ́ Sọ̀kalẹ̀ Lóyè

Kábíyèsí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tí o kán sí mọ́jú. Mi ò retí pé kí o dá mi lóhùn kíákíá. O ti ki jù, ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ.

Gbólóhùn kan péré ló gbé mi dìde wá kì ọ́. Ọ̀gá tó ni Corolla tí o ń jọba nínú rẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójúde wa láàárọ̀ yìí. Ó fa gééjì yọ, ó ya etí ìwé ìròyìn nù ún, ó tì í bọlẹ̀ padà, ó tún fà á yọ. Ìwọ rèé lẹ́nu gééjì, dúdú kirikiri, o lẹ̀ mọ́ irin, o ò tilẹ̀ kán. Mo rò pé ọ̀gá yóò mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàgà, ó wọlé lọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà rẹ̀.

Orúkọ oyè ni wọ́n fi jẹ ọ́ yẹn, mi ò sì ní jẹ́ kó bọ́ sọnù.

Ó-ṣì-wà-níbẹ̀, ọmọ Kò-tíì-tán.
Kò-tíì-tán, ọmọ Ẹ-jẹ́-á-fi-díẹ̀-kún-un.
Ẹ-jẹ́-á-fi-díẹ̀-kún-un, ọmọ Ó-di-ìparí-oṣù.
Oṣù parí, wọ́n gba owó oṣù, ó bá ọ níbẹ̀.
Iléyá dé, wọ́n pa àgbò, ó bá ọ níbẹ̀.
Kérésì dé, wọ́n kun ilé, ó bá ọ níbẹ̀.
Wọ́n dìbò, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà,
gómìnà wọlé, gómìnà jáde,
Ó-ṣì-wà-níbẹ̀ nìkan ni ilé ẹjọ́ ò rí yọ.

Ẹ̀yin obìnrin arẹwà tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán, ẹ forí jì mí, mo yá orúkọ yín fún ọba tèmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dà á sínú ẹ́ńjìnì, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èèyàn ń rí àmì ara gééjì láti abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dú, ó sì ń dán. Ní báyìí ó dú, dídán ti bá tirẹ̀ lọ.

Adúmáadán tó dú títí tó gbàgbé dídán!
A dà ọ́ sínú ẹ́ńjìnì kí irin lè máa yọ̀ lórí irin;
irin ò yọ̀ mọ́, mẹkáníìkì ló ń yọ̀.
Ó yọ̀ lánàá, ó yọ̀ lónìí, ó ń múra àtiyọ̀ lọ́la.
Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń yọ̀, ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì ń yọ̀,
ẹni tó ni mọ́tò nìkan ni ò ní yọ̀ ní tirẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọ ṣá. Dídú nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ́ìlì tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dú, torí òun ló ń ṣan èérí iná kúrò lára písítíìnì, tó ń gbé e kiri títí yóò fi dé fílítà. Èyí tó lo oṣù mẹ́fà tí kò dú rárá ló yẹ ká fura sí. Bó bá sì wá ní àwọ̀ wàrà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì mọ́, omi ti wọlé, kí wọ́n lọ yẹ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ni pé o gbé ẹrù, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ọ. Àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ láti ilé iṣẹ́, èyí tí ń pa ásíìdì, èyí tí kì í jẹ́ kí èérí dì pọ̀, gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ti rẹ̀ tán. Ìjòyè ti lọ, ọba ló kù láàfin.

Gééjì ò lè sọ gbogbo èyí. Bí o ṣe ga tó nìkan ni gééjì mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dáadáa yóò gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ títẹ́jú, yóò pa ẹ́ńjìnì, yóò ní sùúrù díẹ̀ kí ọ́ìlì tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, yóò nu gééjì kó tó tún tì í bọ̀ ọ́, yóò wá wò ó bóyá ó wà láàárín àmì méjèèjì. Kó má sì ṣe kọjá àmì òkè, torí ọ́ìlì tó pọ̀ jù a máa hó. Ọ̀gá ṣe gbogbo èyí láìṣìṣe kan, mo kí i. Ṣùgbọ́n wíwà nìkan ló bi gééjì. Kò béèrè ọjọ́ orí.

Ó-ṣì-wà-níbẹ̀, wíwà ni iṣẹ́ rẹ, wíwà ni owó oṣù rẹ!
Wọ́n ní kí o wá ṣiṣẹ́, o ní o kúkú wà.
Wọ́n ní kí o tutù, o ní o kúkú wà.
Ẹni bá fẹ́ mọ bí o ṣe wà,
kó yọ ọmọrí tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì, kó yí ìdí rẹ̀ sókè:
nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ tó sì dì bí ọṣẹ dúdú.

Ohun tó dì mọ́ ìdí ọmọrí yẹn náà ló ń dì mọ́ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù nísàlẹ̀, òun ló ń dí àwọn ojú ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà lọ sókè níbi tí ooru pọ̀ sí. Ọba wà láàfin, oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú.

Lára ọmọrí kan náà ni ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sí gàdàgbà: 5W-30. Láti 1911 ni ẹgbẹ́ SAE ní Amẹ́ríkà ti ń fi nọ́ńbà sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Ẹni tó ń tà á lẹ́bàá títì ò tiẹ̀ wo ọmọrí. Ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò yín ti dàgbà, èyí tó ki ni yóò mu," ó sì na 20W-50 sí ọ̀gá. Ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù náà ni wọ́n kọ SF sí, ọ́ìlì tí kò tó mọ́tò tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn 1988. Ọ̀gá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní àwòrán mọ́tò eré ìje tó wà lára rẹ̀ wù òun.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka ọdún ọba mi. Mẹkáníìkì kọ 5,000 sórí bébà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun gíláàsì. Kìlómítà ló ní lọ́kàn. Tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni Corolla, máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà. Ọ̀gá dúró de 5,000 tirẹ̀ pé, ó ti rin kìlómítà 8,000 kó tó pé, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé mọ́tò Japan lágbára. Ti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò tíì sí níbẹ̀ o. Afárá Third Mainland kò ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lè gba wákàtí méjì lọ́wọ́ èèyàn lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ìwọ ń gbóná, nọ́ńbà orí dáṣíbọ́ọ̀dù dúró gbọn-in. Ìdí rèé tí ìwé àwọn tó ṣe mọ́tò fi ń ka oṣù mọ́ ìrìn, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ìwé ọ̀hún wà nínú àpótí iwájú, nínú ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀rá náà kò tíì ya.

Adúmáadán, ọba tí wọ́n ń bọ láì tọ́jú!
Wòlíì ta òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní jàǹbá ò ní ṣẹlẹ̀;
òróró wà lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀.
Àwọn awakọ̀ ta epo sí táyà, wọ́n pa ajá fún Ògún,
wọ́n so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀, wọ́n lu ìlù.
Ògún jẹ ajá tán, ó mu ẹmu tán,
onírin ń wo irin tó ń jẹ irin.
Ẹ bi í léèrè bóyá epo pupa ló béèrè lọ́wọ́ yín!

Ìtẹ́ rẹ le, ọba mi, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ọ̀tẹ̀ tó rọrùn tó èyí tó lè yọ ọ́. Sípánà nọ́ńbà 14 kan ló mọ. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì gba fíríìdọ̀mù lè tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì, kó gbé ọpọ́n síbẹ̀, kó jẹ́ kí o máa ṣàn nígbà tí o ṣì gbóná díẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á da tuntun sí i. Ẹ́ńjìnì Corolla 2005 yìí kò mu ju 3.7 lítà lọ pẹ̀lú fílítà, gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin kan yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀. Owó rẹ̀ ò ju ti aṣọ ẹbí kan lọ. Ọ̀gá ti ra aṣọ ẹbí bíi mélòó kan láti ìgbà tí o gorí oyè, wọ́n sì gbé mọ́tò lọ fọ̀ kí wọ́n tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sóde.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ọ́, o ò ní bọ́ sí ìta. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọn yóò máa pè ọ́. Káfíńtà yóò rà ọ́, yóò fi ọ́ pa igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ikán rí ọ, ó sá! Ohun tí ikán kò lè dúró tì ni ọ̀gá fi sínú mọ́tò tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Àwọn mìíràn a máa dà ọ́ sí gọ́tà, kí o lè bá kànga àdúgbò dọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn kan sì wà tí ń sẹ́ ọ, tí ń rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù mọ́ tuntun, tí ń lẹ bébà tó ń dán mọ́ ọ lára, tí ń tà ọ́ padà fún ẹni tó kọ́kọ́ dà ọ́ nù.

Ẹ dá ìlù dúró ná.

Mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ sọ èyí. Ọkọ̀ akérò kan kó èèyàn láti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó lálẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé Ògèrè, iná pupa tó ní àwòrán kẹ́tù lára tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná yẹn kì í kìlọ̀ ohun tó ń bọ̀. Ó ń sọ pé agbára tí ń ti ọ́ìlì gba inú ẹ́ńjìnì ti lọ sílẹ̀, kí awakọ̀ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ ń sáré owó dílífà tó ń san lójoojúmọ́, kò pa á. Ẹ́ńjìnì há, ọkọ̀ kú sójú títì, tírélà ń kọjá fìrìfìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn nínú òkùnkùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń gba dílífà lójoojúmọ́, ó ní awakọ̀ ló ni pípààrọ̀ ọ́ìlì. Awakọ̀ ní ọkọ̀ òun kọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, owó èrò lẹ gbà! Bí èèyàn bá kú níbẹ̀, ta ni nínú yín ni yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé lítà mẹ́rin ọ́ìlì lẹ ń bá ara yín jà sí?

Ó tó. Onílù, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó-ṣì-wà-níbẹ̀, ọba tí í fi kíkàn kìlọ̀!
Kọ́, ó kàn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá fi orin bò ó mọ́lẹ̀.
Kọ́-kọ́, ó kàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá ní táyà ni.
Kọ́-kọ́-kọ́, ọ̀gá yí fọ́líọ̀mù rédíò sókè.
Lọ́jọ́ tó fẹ́ wọlé, kò kànkùn mọ́,
rọ́ọ̀dù gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì jáde!

Lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá yóò mọ ọ̀nà Ládípọ̀ ní Múṣin. Wọn yóò fi ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀ hàn án lórí táyà àlòkù, wọn yóò sọ fún un pé ti Bẹ́ljíọ̀mù ni, wọn yóò fi ọwọ́ yí i kó rí i pé kò há. Yóò san owó tó tó ti pípààrọ̀ ọ́ìlì ọdún púpọ̀, yóò san ti àwọn tó gbé e, ti àwọn tó dè é, àti ti ẹni tó kàn dúró síbẹ̀ tó ń pàṣẹ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì yóò wá yàtọ̀ sí ti inú ìwé ọkọ̀, nítorí náà yóò mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe láísẹ́ǹsì, yóò jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀. Nígbà tó bá kàn án, akọ̀wé yóò béèrè ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́. Ọ̀gá yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò fà sún mọ́ akọ̀wé.

"Àwọn ọmọ aráyé ni, màdáámù. Láti ilé bàbá mi."