Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Òmùwẹ̀ Orí Ilẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn pé ìta gbangba ni mo ti kọ èyí, tí mi ò fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ forí jì mí. Ṣebí ìta gbangba náà lẹ ti ń ká apá agbádá lé èjìká nígbà tí ooru ò mú, tí ẹ ń na ọwọ́ òsì sí àlejò tí kò béèrè aago mélòó ló lù.

Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Kí lẹ ń bọ́ aago ọwọ́ yín fún kí ẹ tó fọwọ́ jẹ àmàlà?

Mo ti ń ṣọ́ yín, ó ti pẹ́. Bí wọ́n bá ti gbé abọ́ ìfọwọ́ dé, ẹ ó tú okùn aago, ẹ ó gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì níbi tí omi ò lè ta sí i lára, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ki ọwọ́ bọ omi. Ẹ má sọ fún mi pé ewédú lẹ ń sá fún. Ọwọ́ òsì ni aago wà, ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀, ojú aago yẹn kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ti òmùwẹ̀ ni, mítà 200. Ẹ̀gbọ́n mi, mítà 105 ni gíga Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀. Ká to Cocoa House méjì léra wọn, ká da omi bò wọ́n dé òrùlé, aago yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ nísàlẹ̀ kí mítà rẹ̀ tó tán. Ẹ̀yin wá ń gbé e sá fún abọ́ ìfọwọ́.

Ti òjò tún yàtọ̀. Bí ó bá ti ṣú, inú ọ̀rá ni aago ń sá wọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ni ín á sì rin gbingbin. Orí afárá Third Mainland lẹ ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni omi tó sún mọ́ yín jù lọ láyé, inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa lẹ tún wà. Kódà bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ sí i, yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, púpọ̀ nínú ọ̀sà yẹn ò jìn ju mítà díẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ yín á kan ẹrẹ̀ kí aago tó mọ̀ pé òun wọ omi.

Kí n má purọ́ mọ́ yín ṣá, fáàrí yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn tó ń gbé ìgò atẹ́gùn pọ̀n lọ sábẹ́ òkun fún ìgbádùn, mítà 40 ni wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n má kọjá. Mítà 160 tó kù, gbogbo ayé ló ń fi í ṣe yangà. Ṣùgbọ́n kí aago tó lè jẹ́ orúkọ òmùwẹ̀ lábẹ́ ìlànà ISO 6425, wọ́n ní láti fi agbára omi tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára dán an wò. Aago yín ti fojú winá kí ẹ tó fojú kàn án. Ọwọ́ yín ló ti wá di ọ̀lẹ.

Ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí yín lẹ rà á, ọmọ ọ̀hún sì ti wọ yunifásítì báyìí. SKX007 ni Seiko pè é. 1996 ló jáde, fún ọ̀pọ̀ ọdún owó rẹ̀ ò sì tó 200 dọ́là. Mo gbà fún yín níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń so Rolex tí a ò mọ ilé tí wọ́n ti bí i, ẹ̀yin lọ fi owó díẹ̀ ra ojúlówó. Rolex àwọn yẹn ti kú, wọ́n ti sin wọ́n sínú dúróò. Tiyín ṣì ń rìn. Dúdú òrùka ojú rẹ̀ ti ń di eérú, gíláàsì rẹ̀ ti gba ojú egbò lára ògiri àti ilẹ̀kùn dáńfó, àmọ́ ó ń rìn.

Ẹ sì mọ ohun tó ń mú un rìn? Ẹnu yín ni.

Ẹ má bínú, n ó ṣàlàyé. Kò sí bátìrì nínú aago yẹn, kò sì ṣeé fọwọ́ wáíǹdì. Irin kan tó jẹ́ ààbọ̀ òbìrí wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yí bí apá bá ti mì. Ọ̀pá kékeré kan tí Seiko gbé jáde ní 1959, tí wọ́n ń pè ní Magic Lever, ló ń gba yíyí ọ̀hún. Irin náà ì báà yí sọ́tùn-ún, ì báà yí sósì, ọ̀pá yẹn á fi ká sípíríǹgì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń jiyàn Arsenal, tí ẹ ń fi apá gún atẹ́gùn, oúnjẹ lẹ ń fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá lu Tottenham, ẹ̀rù máa ń bà mí pé kí sípíríǹgì má já. (Kò lè já. Wọ́n ṣe é kó máa yọ̀ nígbà tó bá ti kún.) Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Bí aago yẹn bá ti wà lórí ìjókòó, bí ogójì wákàtí ló lè gbé, ó dákẹ́. Bí ẹ bá bọ́ ọ ní alẹ́ Ẹtì, tí ẹ na tàntàn sórí àga títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa kú sí. Ìyàwó yín ò nílò olófòófó. Ó kàn máa wo ojú aago ni.

Ẹ wá dìde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ gbé e, ẹ ń jù ú bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Lẹ́yìn náà lẹ ó fa bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ ó dúró de rédíò kí ẹ lè bá a mu déédéé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú rẹ̀, 7S26, kì í dá ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ń fa bọ́tìnnì, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Seiko fúnra wọn ò tan yín jẹ. Wọ́n ní kí ẹ máa retí kó fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 falẹ̀ tàbí kó fi 40 yára lóòjọ́. Tiyín máa ń yára. Bó bá fi 20 péré yára lójoojúmọ́, ó ti fi ìṣẹ́jú 10 ṣáájú ayé kí oṣù tó parí. Aago ń yára, ẹni tó so ó ń pẹ́. Nípàdé ẹbí tó kọjá, ìgbà tí ẹ wọlé la ń ṣe àdúrà ìparí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ fún àwọn ọmọ pé MIE tó yọ lójú aago ní Ọjọ́rú yẹn kì í ṣe èdè Japan. Èdè Sípáníìṣì ni. Èdè méjì ni wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ yí i dé ibi tí kì í ṣe tiyín. Ẹ má sì ṣe yí ọjọ́ láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí mọ́, torí àkókò yẹn ni eyín inú rẹ̀ ń gbé ọjọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì lè kán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí òrùka tó yí gíláàsì ká. Òmùwẹ̀ á yí àmì onígun mẹ́ta orí rẹ̀ sí ọ̀gangan ọwọ́ ìṣẹ́jú bó bá ti ń wọ omi, yóò sì máa fi mọ iye ìṣẹ́jú tó ti lò. Apá kan ṣoṣo ló ń yí sí, pẹ̀lú ìró ká-ká-ká tó jẹ́ 120 bó bá yí po. Ìdí rẹ̀ ni pé bí òkúta bá gbá a lábẹ́ omi, ó lè fi kún iye ìṣẹ́jú tó ti lọ, kò lè yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín á tètè gòkè, kò ní í wà nísàlẹ̀ títí atẹ́gùn á fi tán. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Kí lẹ̀yin wá ń fi ṣe? Ìwàásù lẹ fi ń kà. Ẹ ó yí i sí òdo bí pásítọ̀ bá ti ṣí Bíbélì, ẹ ó sì máa wò ó lábẹ́ ìwé orin. Lọ́jọ́ tí apá yín bá gbá bẹ́ńṣì, ìwàásù ìṣẹ́jú 40 á di 43, ẹjọ́ rẹ̀ lẹ ó sì gbé délé. Wọ́n ṣe òrùka láti dá ẹ̀mí sí, pásítọ̀ ẹni ẹlẹ́ni lẹ fi ń fìyà jẹ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti okùn rọ́bà tó bá a wá. Ẹ sọ fún mi níjọ́sí pé nítorí òógùn ni wọ́n ṣe fi ìṣẹ́po sí i. Rárá o. Ní 1968, òmùwẹ̀ kan láti Kure, ní Hiroshima, kọ lẹ́tà sí Seiko pé aago wọn ò lè fara da iṣẹ́ táwọn ń ṣe nínú òkun jíjìn. Wọn ò ju lẹ́tà náà nù. Ikuo Tokunaga, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún méje wá èsì rẹ̀, wọ́n sì gbé aago mítà 600 jáde ní 1975. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé bí òmùwẹ̀ bá ti ń lọ sísàlẹ̀, omi á fún aṣọ nínípọn tó wọ̀ pọ̀, ọrùn ọwọ́ á tín-ínrín, aago á sì máa yọ̀ kiri. Wọ́n wá ṣẹ́ okùn náà po. Bí ẹ bá fà á le lókè, ìṣẹ́po á là. Bí ọwọ́ bá tín-ínrín nísàlẹ̀, á sún padà. Nítorí ìyẹn ni ìṣẹ́po wà lára okùn tiyín náà, tó ń jókòó sí ofíìsì lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

Mo fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin Kure yẹn torí pé lẹ́tà ló kọ. Ọdún méje ni tirẹ̀ gbà. Tèmi ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti ra aago yẹn, kò sẹ́ni tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Rọ́bà tín-ínrín kan wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn, òmíràn wà ní ìdí bọ́tìnnì tó ń dè mọ́ra, àwọn ló ń dí omi lọ́nà. Rọ́bà ń gbó. Ooru Èkó, òógùn, ọṣẹ, omi gbígbóná, gbogbo wọn ló ń mú un gan tàbí kó pẹlẹbẹ, nígbà tó bá yá kò ní í dí ohunkóhun mọ́. Mítà 200 tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ ni. Lónìí, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé aago yẹn lè la garawa omi já. Mo sì fura pé ẹ mọ̀. Ẹ̀rí ọkàn ló ń bọ́ aago yẹn lọ́wọ́ yín nídìí àmàlà. Ẹ̀yin náà ò gbà á gbọ́ mọ́.

Dípò kí ẹ lọ tún un ṣe, ohùn lẹ yí padà. Láti ìgbà tí Seiko ti dá a dúró ní 2019, tí àwọn tó ń wá a sì sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po, lẹ ti ń pè é ní ogún ìdílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tún ní ẹ fẹ́ tà á, kí ẹ fi ra Seiko 5 Sports tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìyẹn ṣeé wáíǹdì, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sì ń dúró. Àmọ́ mítà 100 ni, wọn ò sì kọ ti òmùwẹ̀ sójú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò fọwọ́ kan omi rí fẹ́ já ipò ara rẹ̀ wálẹ̀!

Ohun tí n bá ṣe rèé bí mo bá jẹ́ yín. N ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe aago tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò bóyá omi lè wọ aago, kì í ṣe èyí tó ń fi eyín ṣí ìdérí. Kó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, kó wo ìdí bọ́tìnnì, kó dán an wò níwájú mi. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, n ó jẹ́ kó máa lọ. Títú u palẹ̀, fífọ̀ ọ́ àti fífún un lépo tuntun lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ẹ rà á, 7S26 sì lágídí, ó ń rìn níbi tí òmíràn ti máa kú. Ọjọ́ tó bá kọ̀ jálẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ NH36 rọ́pò rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó ṣeé wáíǹdì, ẹ ó sì bọ́ lọ́wọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣá a lára, kí wọ́n má dán an. Ojú egbò ilẹ̀kùn dáńfó yẹn, owó ọkọ̀ lẹ fi rà á.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ tà á lẹ́yìn gbogbo èyí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Iye tí ẹ rà á gan-an ni n ó san, ní náírà ọdún tí ẹ rà á.

Èmi ni àbúrò yín,
tó ń wo aago lórí fóònù.