Bọ̀dá Kí-Ló-Dé-Tó-Dákẹ́

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sábó, n'Ìkòròdú, lọ́sàn-án Sátidé, ẹ máa bá a níbẹ̀. Kò wá gẹrun o. Irun tó kù lórí ẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ sí. Tẹlifíṣàn ló bá wá, àti iná tó fi ń ṣáàjì fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀pà ń bẹ lọ́wọ́ òsì, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ti ṣí fọ́tò òṣèrébìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń polówó ọṣẹ.

"Ẹ wá wo nǹkan," á ní. "Epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí, eléyìí ń polówó ọṣẹ. Kí ló dé tó dákẹ́?"

Ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú ẹ̀ ṣá, "Ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pè é.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, Bọ̀dá ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó fi bírò fa ìlà sáàárín ojú ewé. Apá ọ̀tún: "Ó sọ̀rọ̀." Apá òsì: "Ó dákẹ́." Mo fojú ara mi rí ìwé yẹn, òróró ẹ̀pà ti rin igun ẹ̀ kan. Mr Macaroni aláwàdà wà lápá ọ̀tún, ìlà méjì ló fà sábẹ́ orúkọ ẹ̀. Nígbà tọ́lọ́pàá mú ọmọkùnrin náà ní géètì Lekki lóṣù kejì ọdún 2021, Bọ̀dá fa ìlà kẹta. Ó bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó bínú títí wọ́n fi gbé bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣàn.

Oṣù keje ọdún 2022 ni mo tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Jandor, olùdíje gómìnà Èkó lẹ́gbẹ́ PDP, kéde pé Fúnkẹ́ Akíndélé lòun mú ṣe igbákejì òun. Fúnkẹ́ tí wọ́n bí n'Ìkòròdú níbí! Jenifa fúnra ẹ̀! Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n lọ bá Bọ̀dá yọ̀. Ṣebí ẹni tó ti ń wá nìyí: kò tiẹ̀ mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu, ó ti bọ́ sójú agbo. Bí mo ṣe wọlé ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Ta ló rán an? Ṣé sinimá ò tó o jẹ ni? Kí kálukú jókòó ti iṣẹ́ ẹ̀!"

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀?"

"Mo ní kó sọ̀rọ̀. Mi ò ní kó lọ sẹ́gbẹ́ yẹn."

Bẹ́ẹ̀, nígbà tí K1 ń kọrin fún Tinubu, Bọ̀dá ò rántí pé kálukú ní iṣẹ́. Ó dìde, ó káwọ́ sókè, ó jó títí fìlà fi jábọ́.

Bọ́rọ̀ bá ti fẹ́ le mọ́ ọn lọ́wọ́, ayé àtijọ́ ló máa ń sá lọ. "Láyé àwọn Ògúndé, eré ni eré, òṣèlú ni òṣèlú." Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, bàbá kan tí wọ́n ń fá lágbárí lọ́wọ́ sì dá a dúró. Bàbá ní Ògúndé wo? Ògúndé tó ṣe eré Yorùbá Ronú lọ́dún 1964, tíjọba Akíntọ́lá fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀ káàkiri ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tó fi jẹ́ ìgbà tí Fájuyì dé lọ́dún 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀? Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu pàdánù ọjà ẹ̀ ni Bọ̀dá fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó dákẹ́. Bọ̀dá wo àwòrán orí Tyson tó wà lára ògiri. "Ògúndé yàtọ̀," ló sọ.

Ti ẹ̀sìn ńkọ́? Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Bọ̀dá, Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ni, nínú ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ lọ nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851. Ọmọ àwọn tó bá ọba lọ sígbèkùn nítorí òṣèlú! Mùsùlùmí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jímọ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ bí iṣẹ́ bá pọ̀. Lóṣù keje ọdún 2023, nígbà tí Davido gbé fídíò orin Logos Olori síta, táwọn tó ń kírun nínú ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó, inú bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, Davido sì yọ ọ́ kúrò. Níbi tí mo dúró sí, mo gbà pé ó yẹ kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Bọ̀dá fi ṣòfin: "Kí olórin má dá sọ́rọ̀ ẹ̀sìn mọ́ láé." Òfin yẹn ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Òṣèré kan gbé fọ́tò Ùmúrà síta, Bọ̀dá kọ "Àmín" méje sábẹ́ ẹ̀. Òmíràn gbé ti ìsìn òru ní Redeem síta, ó ní: "Ta ló ní kó wá wàásù fún wa?"

Ìdìbò gómìnà bọ́ sí March 18, 2023. Sanwo-Olu ní ìbò 762,134, Rhodes-Vivour ní 312,329, Jandor pẹ̀lú Fúnkẹ́ ní 62,449. Bọ̀dá mọ iye náà lórí bí ọmọ kéú ṣe mọ Fátíà. "Ẹ ò rí i? Òkìkí kì í ṣe ìbò." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbò tiẹ̀ ò sí nínú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mọ́tò ò rìn lọ́jọ́ náà, títì dá páropáro, bọ́ọ̀lù ni Bọ̀dá àtàwọn ọmọ àdúgbò gbá láti àárọ̀. Òun ló ṣọ́lé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2024 tí A Tribe Called Judah, fíìmù Fúnkẹ́, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, tí fíìmù Nollywood kankan ò tíì pa rí nígbà yẹn, ta ló ń pariwo "ọmọ wa, ọmọ wa" ní Sábó?

Láìpẹ́ yìí la jọ wọ bọ́ọ̀sì gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ gómìnà ló gba bọ́ọ̀sì kan. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń lọ sọ́jà Olúwo gbé abọ́ sórí ẹsẹ̀, ó wẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, gbogbo èèyàn lẹ ti bú tán. Ẹ̀yin fúnra yín, ta lẹ ń ṣe?"

Alága àwọn onílé àdúgbò Bọ̀dá ló jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Gbogbo wa la mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe, fìlà orí ẹ̀ ti sọ ọ́. Bọ̀dá tún ìjókòó ṣe. Ó wúkọ́.

"Ìyá, nǹkan àṣírí nìbò," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo igbó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó fa fóònù yọ. Mo yọjú wò ó: òṣèré ọlọ́ṣẹ yẹn náà ni. Àtàǹpàkò ẹ̀ ń lọ wìrìwìrì: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lókìkí yìí, ojo ni yín! Ẹ ò ní lanu sọ̀rọ̀ ni?" Bí alága ṣe yíjú padà, ó yára pa iná fóònù.