Mo-gbọ́-mo-yà Tí Ó Sanwó Wọlé

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ojú ni mo ti mọ̀ pé olórin ni í wá ènìyàn wá sí ilé, kì í ṣe ènìyàn ni í wá olórin lọ; nítorí pé ní Ìbàdàn níbi tí a gbé tọ́ èmi ọmọ Ọ̀yọ́ dàgbà, bí bàbá ẹni bá kú tí ó sì dàgbà kí ó tó kú, tàbí bí ọmọ ẹni bá gbéyàwó, tàbí bí ẹnìkan bá kọ́ ilé alájà tí kò tilẹ̀ tíì kùn ún lọ́dà tán, àwọn onílù yóò ti gbọ́ kí onínàáwó fúnra rẹ̀ tó rántí láti pè wọ́n, wọn yóò dé tàwọn ti gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọn yóò bèèrè orúkọ bàbá rẹ àti orílẹ̀ ìyá rẹ lọ́wọ́ ọmọdé kan lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì tó fi ìdí kan àga, wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ ọba. Ìwọ náà yóò wá dìde, ìwọ yóò máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Ta ni ó lè sọ fún mi nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀n yóò jókòó nínú ọkọ̀ òfuurufú fún nǹkan bí wákàtí 11, kí n lè lọ rí olórin kan tí kò mọ orúkọ mi, tí kò sì ní bèèrè rẹ̀?

Àbúrò bàbá mi kan ni ó kó bá mi. Aṣọ ni ó ń tà ní Accra, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bá ara rẹ̀ ṣírò owó ní èdè àwọn ará ibẹ̀, kí òfin tí ó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáànà tó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí fi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti di ẹrù wọn. Giramafóònù kan ni ó fi orí rù bọ̀ wá sí Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ giramafóònù yìí ni mo sì jókòó sí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gìtá Carlos Santana, ọmọ Mẹ́síkò tí a bí ní ìlú Autlán ní ọdún 1947, tí bàbá rẹ̀ ń ta gòjé òyìnbó, tí òun náà sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní San Francisco di ẹgbẹ́ olórin. Gìtá náà kò ké bí ti àwọn òyìnbó yòókù. Ẹkún ni ó ń sun, bí ọmọge Ọ̀yọ́ tí ó ń sun ẹkún ìyàwó lálẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò mú un lọ sí ilé ọkọ, ìlù tí ó sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀, ìlù tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ni.

Ohun tí ó wá dun àbúrò bàbá mi wọ egungun ni pé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1971, ọjọ́ ayẹyẹ òmìnira Gáànà, Santana àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré ní gbàgede Black Star ní Accra gan-an, àwọn àti Wilson Pickett, àti Ike òun Tina Turner, ní ìlú kan náà tí ó ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Títí ó fi re ibi àgbà ń rè ni ó máa ń na ìka ọwọ́ rẹ̀ sí wa: “Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Bí wọ́n bá fi oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i jìn mí!” Mo búra pé èmi kò ní ka ìka bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, aya mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Awùjalẹ̀, tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀n fún ọdún 28, tí kò sì tíì ra ẹ̀wà rí láìkọ́kọ́ bèèrè pé èló ni ní ìsọ̀ kejì, kò rí ọ̀rọ̀ náà bí mo ti rí i. Ọgbọ̀n ọdún ni ìgbéyàwó wa pé, èrò tirẹ̀ sì ni pé kí a lọ sí ilé, kí a dá aṣọ ẹbí, kí a jó wọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kí àwọn régbérégbé rẹ̀ lè fi ojú ara wọn rí i pé òtútù òkè òkun kò tíì jẹ ẹ́ tán. “Bàbá Ìbejì,” ni ó wí, “ṣé ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ lọ sanwó fún olórin kí ó lè kọrin fún ara rẹ̀?” Mo ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ó ní àáké ta ni? Oṣù méjì ni a fi fà á kí a tó fẹnu kò: ọdún yìí ti Santana, ọdún tí ń bọ̀ ti Ojúde Ọba, èmi ni n ó sì ra aṣọ ẹbí náà fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀bú yóò ti rí i pé èmi kọ́ ni mo borí.

Las Vegas ni à ń lọ, ìlú tí ó wà láàárín aṣálẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ wa kò tíì kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú tí ẹ̀rọ kalokalo ti tò lọ rẹrẹ níwájú wa, tí wọ́n ń ṣẹ́jú, tí wọ́n ń kọrin, tí àwọn arúgbó sì jókòó tì wọ́n bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà tí kò jinná. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ọtí ní Mọ́kọ́lá ni a ti ń yọjú wò ó nígbà èwe wa, tí bàbá mi sì ti torí rẹ̀ nà mí ní ẹgba mẹ́fà. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ilé gogoro Paris wà níbẹ̀, ìdajì gíga ti ìyá rẹ̀. Òkìtì àwọn ọba Íjíbítì wà níbẹ̀, dígí ni wọ́n fi bò ó. Odò Venice wà níbẹ̀ tòun ti àwọn atukọ̀ rẹ̀, nínú ilé ìtajà, lábẹ́ òrùlé, níbi tí ojú ọ̀run ti jẹ́ ọ̀dà tí a kùn sí àjà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wọn nípa Òkè Olúmọ.

Inú ilé ìtura ńlá kan tí n kò ní dárúkọ ni gbọ̀ngàn eré náà wà. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì gba dọ́là 400 lọ́wọ́ mi, inú fóònù ni ó sì wà, kì í ṣe ìwé tí ènìyàn lè tọ́jú sínú Bíbélì. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tú àpò Ìyá Ìbejì wò fínnífínní, wọ́n sì yọ gúgúrú àti ẹ̀pà tí ó ti dì sínú ọ̀rá láti Peckham sọ nù. Nígbà tí a wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Bàbá Ìbejì, àga wa dà?”

Kò sí àga. Ìdúró ni àwa tí a wà nísàlẹ̀ yóò dúró, láti ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn títí di ìgbà tí wọn yóò tì í. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí ẹ kò lè mọ bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó. Ní ilé, ẹni tí a pè sí òde ni í jókòó. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá òpó àgọ́, tí ó ń fi ojú ṣọ́ àga tí ẹni tí ó yó yóò dìde kúrò lórí rẹ̀, mo-gbọ́-mo-yà ni, bí ó bá sì pẹ́ títí, àwọn obìnrin ilé yóò bu ìrẹsì díẹ̀ fún un nítorí Ọlọ́run. Àwa sanwó, a kọjá òkun, a di mo-gbọ́-mo-yà, kò sì sí obìnrin ilé kan tí yóò ṣàánú wa. Omi inú ìgò kékeré kan, dọ́là 7.

Gèlè ni ó kù. Ìyá Ìbejì ti wé èyí tí ó ga, tí ó sì fẹ̀, irú èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá wé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjókòó iwájú ni wọ́n ń mú un lọ láìbèèrè orúkọ. Kò pẹ́ tí bàbá òyìnbó kan, tí ó di irun funfun rẹ̀ sẹ́yìn bí ìrù ẹṣin, tí àwòrán Abraxas, àwo Santana ti ọdún 1970, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán lára tíṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, fi ìka kan kàn án léjìká, ó tọrọ gáfárà bí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó ní gèlè náà dára lọ́pọ̀lọpọ̀, ó ní láti ìgbà tí Santana ti ṣeré ní Woodstock ní ọdún 1969 ni òun ti ń tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, gèlè nìkan ni òun ń rí. N kò mí. Ní ọgbọ̀n ọdún, n kò rí i rí kí obìnrin yìí tú gèlè ní òde. Ó wo bàbá náà, ó wo tíṣẹ́ẹ̀tì, ó wo orúnkún rẹ̀ tí ó ń gbọ̀n. Ó wá fa abẹ́rẹ́ mẹ́ta yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n há ẹnu, ó tú gèlè náà ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ó ká a bí ẹni ká ẹní, ó sì fi há abíyá. “Ó ti dúró ju tiwa lọ,” ni ó wí.

Agogo mẹ́jọ ni wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn agogo mẹ́jọ tí gbogbo iná kú lójijì. Ọwọ́ èmi àti aya mi pàdé nínú òkùnkùn, níbi tí oníkálukú ti ń wá fóònù láti tan tọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí ó yí wa ká ń hó fún ayọ̀. Ẹni tí ń hó fún ayọ̀ nígbà tí iná lọ! Ọdún tí a ti lò ní Lọ́ńdọ̀n kò tíì gba èyí kúrò lára wa, àti pé àrùn tí ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ni í ṣe.

Eré náà dùn, n kò ní purọ́. Carlos dé fìlà, ó di ojú, gìtá náà sì sun ẹkún tí ó sun ní Ìbàdàn ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹyọ kan kò yẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ti àwọn ìlù ńlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Cindy Blackman Santana, aya rẹ̀, tí ó jẹ́ pé orí ìtàgé níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ní ọdún 2010 ni ó ti tọrọ rẹ̀, níṣojú gbogbo èrò. Ìlù tí obìnrin náà ń lù kì í ṣe ìlù ọwọ́ yẹpẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ ilé àwọn onílù wa ni a bí i sí, Àyánkẹ́ ni à bá máa pè é. Ìyá Ìbejì wò ó títí, ó yí sí mi, ó ní, “Ẹ rí i? Òun mú aya rẹ̀ dání lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin, bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì yín, ẹ máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.”

Lẹ́yìn èyí ni àwọn méjì tí ń lu kóńgà bẹ̀rẹ̀ sí dá ara wọn lóhùn, orin Jingo sì gbalẹ̀. Aya mi, tí ó ti ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀, gbé orí sókè. “Ta ni ó kọ́ wọn ní èyí?” Mo fi ẹnu sí i létí, mo pariwo: Bàbátúndé Ọlátúnjí ni, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí ó lọ kàwé ní Morehouse ní Atlanta ní ọdún 1950, tí ó sì gbé àwo ìlù àti orin ilé wa jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, inú àwo náà ni Santana ti mú Jingo, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ẹyọ kan ní ọdún 1969. Mo ní kóńgà tí ó ń gbọ́ yìí, Cuba ni ó ti wá, erékùṣù tí àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú nílẹ̀ wa ti ń fi bàtá pe Ṣàngó títí di òní olónìí. Mo ní ní ọdún 1982, ẹgbẹ́ Santana tilẹ̀ sọ odidi àwo kan ní Shangó, orúkọ Olúkòso, ọkọ Ọya, ọba ìlú àwọn baba mi…

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó fa gèlè yọ ní abíyá, ó fi gbá ìdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Kì í ṣe ijó fífò sókè-sódò tí àwọn ará ibẹ̀ ń jó, bí kò ṣe ijó tí ń ti ìbàdí wá, tí èjìká ń gbè é, tí ojú kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn yà fún un. Ẹni tí a bá sì lu ìlù fún tí ó jó tán tí kò náwó, ahun ni. Nítorí náà ni ó ṣe la àpò, tí ó mú ìdì dọ́là kọ̀ọ̀kan jáde, 50 géérégé, èyí tí ó ti ṣẹ́ sílẹ̀ láti Peckham láìsọ fún mi, tí ó sì ń jó lọ sí iwájú ìtàgé tòun ti owó lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan tí ó ga bí ọ̀pẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ó ní kí màmá má bínú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju nǹkan sórí ìtàgé. “Ta ni ó ń ju nǹkan?” ni Ìyá Ìbejì dáhùn. “Iwájú orí ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́.” Ọmọ náà wo fìlà tí ó bo iwájú orí Carlos, ó wo dọ́là, ó wo èmi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bí a bá fẹ́ ná owó, tíṣẹ́ẹ̀tì ń bẹ lóde, dọ́là 45. N kò rí ẹnu bá a jà. Ní ilé gan-an, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tí ó bá ń fi náírà wọ́n olórin lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí kí ó san ₦50,000, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá òde kan ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti ń ka òfin náà sókè.

Kí agogo mẹ́wàá tó lù, iná tàn, wọ́n ní ó dàárọ̀. Agogo mẹ́wàá! Ìgbà tí Olóyè Ebenezer Obey ń yẹ okùn gìtá wò nìyẹn, tí àwọn alásè kò tíì bu abọ́ kejì. Kò sí ìrẹsì, kò sí abọ́ oníke tí a kọ orúkọ olóde sí, kò sí agboòrùn. A gba ẹ̀gbẹ́ Íjíbítì kọjá, a gba abẹ́ Paris, Ìyá Ìbejì kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí lífítì ilé tí a wọ̀ sí, ibẹ̀ ni ó ti bi mí pé èló ni owó ọkọ̀ láti Èkó dé Àjídò. Mo mọ òwe tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí Sókótó wà nínú rẹ̀. Kò pa á. Ó kàn wo ṣòkòtò mi láti ìgbànú dé ẹsẹ̀, ó sì wọ lífítì lọ.

Dọ́là 50 náà ṣì wà nínú ìdì rẹ̀, ẹyọ kan kò yingin. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ìnáwó ní Lọ́ńdọ̀n kí Iléyá tó dé, kí ó jọ̀wọ́ ránṣẹ́ pè wá. A ó wá, a ó sì ná olórin yín lówó bí ó ti yẹ, bí àga bá ṣá ti wà.