Onílé Ti Gbà fún Àgbàrá

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ náà bá ìgbà wọn mu. Onílé tí wọ́n ń wí jẹ́ ẹni tó ń fi ọkọ́ la ojú àgbàrá kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, tó ń to òkúta sídìí ògiri alámọ̀, tó sì mọ ibi tí omi ń gbà kọjá lẹ́yìnkùlé rẹ̀ láti ayé baba rẹ̀. Àgbàrá ní òun á wó o, onílé ní irọ́ ni. Ìjà náà dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó já sí lónìí, ẹ wá sí Èkó nínú oṣù Òkúdu.

Ní Èkó, onílé ti gbà fún un. Kò tilẹ̀ dúró lórí gbígbà fún un: ó ti gbà á síṣẹ́.

Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní àdúgbò tó bá wù yín nígbà tí òjò bá ṣú. Kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan páànù, ilẹ̀kùn á ti máa ṣí. Ìyá tó ti ń ráhùn ẹsẹ̀ dídùn láti àárọ̀ á sáré jáde tòun ti korobá. Bàbá tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì á wọ́ àpò pàǹtí bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Omi òjò kọ́ ni wọ́n wá gbè. Àgbàrá ni wọ́n ń dúró dè. Bó bá ti ya wọ inú gọ́tà, tó ń hó yaya lọ, wọ́n á da ilẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì lé e lórí, wọ́n á dúró wò ó títí tí yóò fi yí kọ́nà, wọ́n á sì padà wọlé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ ìlú. Àwọn PSP tó ń kólẹ̀ ń gba owó, wọ́n sì lè pẹ́ kí wọ́n tó dé. Àgbàrá kì í gba kọ́bọ̀, kì í sì í kọ ẹrù: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni o, ike ẹlẹ́rìndòdò ni o, pámpásì ọmọ ni o, fómù tí òjò ti rẹ lẹ́ẹ̀mẹta ni o.

Ibi tí ẹrù náà ń lọ kò kan ẹni tó dà á. Bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Abẹ́ kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, nísàlẹ̀ àdúgbò, ló ń há sí. Omi débẹ̀, kò rí ọ̀nà, ó yíjú padà, ó wá béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó bá a ní pálọ̀. Ó gun àga tìmùtìmù, ó gbé fíríìjì nílẹ̀, ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Nígbà náà ni onílé á káwọ́ lórí, á ní, “Ìjọba dà?”

Òjò tí à ń wí yìí kì í ṣe àlejò. Láti oṣù Kẹrin ló ti ń bọ̀, Òkúdu ló máa ń le jù, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Bí a bá kó gbogbo èyí tó ń rọ̀ lọ́dún jọ sójú kan, yóò ga tó mítà kan àbọ̀, yóò bo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń kéde bí òjò yóò ṣe rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún. Ọdọọdún náà ni ẹnu ń yà wá. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó ju 200 mìlímítà lọ rọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀mí sì bá a lọ. A pariwo, a gbààwẹ̀, a gbàgbé. Oṣù Keje 2017, omi tún gba títì Lẹ́kí àti Victoria Island, wọ́n sì ya fọ́tò ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ níbi tí mọ́tò ti ń rìn lánàá. A rẹ́rìn-ín, a fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara wa, a tún gbàgbé.

Òjò ní olólùfẹ́ ní Èkó o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àwọn kan wà tí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀, bí kùrukùru bá sì ti bò báyìí, wọ́n á máa kọ́ àwa yòókù lórí fóònù. Wọ́n á ya fídíò fèrèsé onígíláàsì tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, wọ́n á gbé ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ẹni méjì rèé. Bí ẹ bá wo fídíò náà dáadáa, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti yà á. N kò tí ì rí ẹni tó ya irú rẹ̀ láti ilé ilẹ̀ ní Àjẹgúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí òjò ti ń bá omi Odò Ògùn pàdé, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Bí ilé bá ṣe ga tó ni ìfẹ́ òjò ń pọ̀ tó.

Nísàlẹ̀, ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n ń kọ́. Ní Ọ̀ṣọ́dì, kí òjò tó dá, owó dánfó á ti di ìlọ́po méjì, kọ̀ndọ́kítọ̀ á sì ní ẹni tí kò bá wọ̀ kó máa fẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ. Akọ̀wé báǹkì tó wọ súùtì á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á di bàtà sínú ọ̀rá, á wá gun ẹ̀yìn gìrìpá kan tó ń pọ́n ènìyàn sọdá omi lówó. Ẹ bá mi wo ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní “sà” láti àárọ̀ dalẹ́, tó wá di mọ́ ọrùn ọmọ ọlọ́mọ láàárín títì, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Àwọn àgbà ní ẹni òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́. Ní Èkó, ìdúpẹ́ náà ti gùn sí i: òjò pa mí, n kò já sínú gọ́tà tí kò ní ìdérí, wáyà iná kò já lù mí, mo sì rí ọkọ̀ wọ̀ délé.

Àwọn olówó ìnáwó ní tiwọn kò fẹ́ràn òjò, wọn kò sì kórìíra rẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ bá a dúnàádúrà ni. Wọ́n á mú ọjọ́ ìgbéyàwó sí àárín Òkúdu, wọ́n á fi kánópì dí àdúgbò pa, wọ́n á gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ sójú gọ́tà gan-an, wọ́n á wá wá baba kan tó ń mú òjò dúró. Bí òjò kò bá rọ̀, baba gbọ́ṣẹ́. Bó bá rọ̀, òjò ìbùkún ni, alága ìjókòó á sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí omi ti wọ̀. Owó baba kò ní àbọ̀. Iye tí wọ́n san fún un ìbá tó san fún ọ̀dọ́kùnrin méjì tí yóò kó yẹ̀pẹ̀ inú gọ́tà àdúgbò náà tán, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ìyẹn ṣe fáàrí lórí ìjókòó?

Ẹ jẹ́ ká dé Lẹ́kí, níbi tí gbígbà fún àgbàrá ti di ohun tí à ń fi mílíọ̀nù rà. Irà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí omi òkè ti ń wá sinmi kó tó wọ ọ̀sà. A da yanrìn lé e, a fi géètì sí i, a fún un ní orúkọ òyìnbó. Omi tó bá wá sùn síbùsùn rẹ̀ àtijọ́ a wá di ọ̀tá. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé da yanrìn tirẹ̀ dé orúnkún. Ẹni tó kọ́ tẹ̀lé e dà á dé ìbàdí, omi sì yà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kẹta dé, ó dà á dé àyà. Báyìí ni ilé tuntun ń ga, tí ilé àtijọ́ ń di adágún, tí kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí omi gbogbo wọn yóò jọ gbà. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láàárín ọgbà, tó yẹ kó mu omi díẹ̀, wọ́n ti fi íńtálọ́ọ̀kì dí i lẹ́nu, kí ẹrẹ̀ má baà kan táyà jíìpù.

Kí ẹ má rò pé onílé kéékèèké nìkan ló jẹ̀bi. Ìjọba náà ń jẹ́ onílé. William MacGregor, dókítà tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 dé 1904, jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànáà kan tó ya erékùṣù Èkó kúrò lára Ìkòyí, kí omi irà lè rí ọ̀nà jáde, kí ẹ̀fọn sì dín kù. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ dí kànáà náà pa, wọ́n kọ́ nǹkan lé e. Ìkòyí àti Èkó ti padà di ilẹ̀ kan báyìí. A kì í yin amúnisìn, a ò sì ní í yin ẹni tó fi yanrìn dí ọ̀nà omi láàárín ìlú tí omi yí ká.

Nígbà kan, wolé-wolé máa ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjì wà níbẹ̀, àwọn ìyá wa sì ń sáré da omi nù bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ológun dé, wọ́n fi ìbọn lé wa sídìí gọ́tà: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, agogo méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rìn. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ ní kò bófin mu láti sé ènìyàn mọ́lé bẹ́ẹ̀, ìjọba Èkó sì fòpin sí i. Ilé ẹjọ́ jàre. Kò yẹ kí ọlọ́pàá mú ẹni tó kàn ń rìn lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni a fi wákàtí mẹ́ta náà ṣe? Nígbà tí òfin wà, bọ́ọ̀lù là ń gbá lójú títì tó dá. Nígbà tí òfin lọ, oorun là ń sùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba tún fòfin de abọ́ fómù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, torí pé ó wà lára ohun tó ń dí gọ́tà jù. Ariwo tí a pa lórí abọ́ yẹn ju ariwo tí a pa lórí àwọn tí omi gbé lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti omi mímu àti omi ìwẹ̀. Òjò á máa ya lórí páànù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ á máa dà wììì sílẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, onílé á wá na ọwọ́ jáde láti fèrèsé, á pe mẹ́ruwà kó wá ta kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá fún òun. Ìyá àgbà wa kò jẹ́ jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ṣòfò; ìkòkò, agbada, dúrọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ló ń tò sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tí a bá gbè sínú dúrọ́ọ̀mù kò ní bá àgbàrá lọ wó ilé ẹnikẹ́ni. Àwa fi gbogbo rẹ̀ ta àgbàrá lọ́rẹ, a wá ra omi fọ ẹrẹ̀ tí àgbàrá mú bọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ràn òjò ní Èkó, kó kọ́kọ́ lé àgbàrá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kó san owó PSP. Kó ká íńtálọ́ọ̀kì kúrò níbì kan nínú ọgbà, kí ilẹ̀ rí omi mu. Kó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ ẹ̀bá kànáà lọ̀ ọ́ ní ẹ̀dínwó, kó béèrè ìdí tí ó fi pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó gbádùn òjò bó ṣe yẹ: kí ilẹ̀ máa ta sánsán, kí àgbàdo sísun àti àgbọn wà lọ́wọ́, kí páànù máa lù, kí ọ̀pọ̀lọ́ máa dún, kí ènìyàn fa aṣọ bora láì máa fetí sílẹ̀ bóyá omi ti kan ìloro. N kò mọ adùn mìíràn ní Èkó tí ọlọ́rọ̀ àti tálákà lè jọ jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ní agogo méje àárọ̀, ẹ gbé ṣọ́bìrì jáde síwájú ilé yín. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín pẹ̀lú, pàápàá èyí tó ń da ilẹ̀ sínú òjò. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò dá ẹnikẹ́ni dúró.