Baálé Etí Adágún

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo ọ̀gbẹ́ni kan ní ọ́fíìsì yín ní agbègbè Detroit. Ó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè ibi tó ń sáré lọ, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní òun fẹ́ lọ sinmi ni, òun fẹ́ fi ilé sílẹ̀ kí òun sún mọ́ igi àti omi, kí òun má gbúròó ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ má bá a jiyàn. Ilé tó ní òun ń fi sílẹ̀ yẹn, ó ti so òmíràn mọ́dìí ọkọ̀ láti àná.

Tírélà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ro èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ilé ni, odindi ilé: yàrá tọkọtaya níwájú, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún àwọn ọmọ lẹ́yìn, sítóòfù gáàsì, fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ amúlétutù lórí òrùlé, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a óò padà wá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní ìsàlẹ̀ ààlà Michigan, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2021, nígbà tí Kòrónà ti jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì máa ba èèyàn lẹ́rù, irú ilé alágbèérìn bẹ́ẹ̀ tó jáde láti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ju 600,000 lọ. Ọ̀gbẹ́ni wa yìí, tí mo ń pè ní Baálé, wà lára àwọn tó rà. Gbèsè ọdún 15 ló fi rà á. Ó jókòó nídìí tábìlì ìdáná, ó fi bírò ṣírò rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé owó hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn kò ní san mọ́ ni yóò san gbèsè náà tán. Ìyàwó rẹ̀ kò rántí ìgbà tí wọ́n sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì gbẹ̀yìn, àmọ́ ó dákẹ́. Láti oṣù Kẹwàá, tírélà á ti dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n á ti da oògùn sínú páìpù rẹ̀ kí òtútù má baà bẹ́ ẹ, yìnyín á máa rọ̀ lé e lórí, báǹkì á sì máa gba tirẹ̀ lóṣooṣù.

Adágún tó wà ní ìpínlẹ̀ Michigan ju 11,000 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà lóòótọ́ kò lè wá ọ̀kan tì. Ṣùgbọ́n South Higgins Lake ni Baálé ń lọ, níbi tí ìjọba ti pín ọgbà sí ojúlé bíi 400, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tábìlì tirẹ̀, ihò ìdáná tirẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń gba iná mànàmáná. Láti Detroit, bíi wákàtí mẹ́ta ni lórí ọ̀nà I-75 bí ọ̀nà bá dá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà ooru, ọ̀nà kì í dá, torí gbogbo àwọn tó fẹ́ lọ dá wà ló jọ há sójú títì kan náà.

Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Baálé ní láti fi ẹ̀yìn wọ ojúlé rẹ̀, kò sì sí eré kankan nínú ọgbà náà tó ń fa òǹwòran tó èyí. Àwọn tó ti dé ṣáájú á rọra yí àga wọn kúrò lọ́dọ̀ adágún, wọ́n á kọjú sí títì, wọ́n á ki agolo bíà bọ ihò tó wà lápá àga. Ìyàwó Baálé á sọ̀ kalẹ̀, á di kọ́ńdọ́. Kọ́ńdọ́ tiwa ní Òṣòdì, kó gbá ara bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì kó sì pariwo “Wọlé! Wọlé! Ó wà ńbẹ̀!” ti tó, ọkọ̀ á wọ ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀. Ti ìyàwó Baálé, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló dì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ.

“Sí òsì.”

“Òsì ta ni?”

“Òsì tìrẹ.”

“Èmi tí mo kọjú síwájú, àbí èmi tí mo ń wẹ̀yìn?”

Ẹni tó bá ti fi tírélà rìn sẹ́yìn rí mọ̀ pé bí o bá yí sítíárì sí ọ̀tún, ìdí tírélà á gba òsì lọ. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa kọ́ni pé ìsàlẹ̀ sítíárì ni kí o dì mú. Ibi tí o bá ta ọwọ́ sí, ibẹ̀ ni ìdí tírélà yóò gbà. Baálé mọ̀ ọ́n. Ó ti wo fídíò rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbàgbé ìsàlẹ̀ àti òkè. Tírélà ṣẹ́rí lójijì, ó lọ kọ lu tábìlì ìjọba. Àwọn òǹwòran kò rẹ́rìn-ín, ọmọlúàbí ni wọ́n. Àga wọn nìkan ló ń mì. Bàbá arúgbó kan láti ojúlé òdìkejì dìde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè bóyá kí òun bá a wà á wọlé. Kò sí èébú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Michigan. Baálé dúpẹ́, ó fi eyín rẹ́rìn-ín, ó sì ń lọ síwá ń lọ sẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ilé kò sì gbọdọ̀ dagun. Ó yọ lẹ́fẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń lò, ó gbé e sílẹ̀ nínú tírélà, ó jáde, ó ki pátákó sábẹ́ táyà, ó wọlé padà, ó wò ó, ó kùn. Ó fi wẹ́ẹ̀jì dá táyà dúró níwájú àti lẹ́yìn. Ó yí irin ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀. Ó ki wáyà iná bọ ojú 30 áḿpù, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ díẹ̀ nítorí pé 50 ló wà ní ojúlé kejì. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí iyanrìn níwájú ilẹ̀kùn, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó ń gbá igbó. Wọ́n so gílóòbù aláràbarà yí ibẹ̀ ká, wọ́n ri pátákó tí orúkọ ìdílé wọn wà lára rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò má baà ṣìnà. Adágún ń bẹ lẹ́yìn wọn, kò jìnnà, omi rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí Baálé tó yíjú wò ó.

A ò tilẹ̀ lè dá a lẹ́bi jù, àwọn àgbà ló kọ́ ọ. Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò, ọmọ Michigan gan-an, àti Thomas Edison, àti Harvey Firestone tó ń ṣe táyà, jọ máa ń lọ pàgọ́ sínú igbó láàárín 1915 sí 1924. Wọ́n pe ara wọn ní alárìnkiri. Àwọn alárìnkiri yìí ní ọkọ̀ tó ru ilé ìdáná, wọ́n ní alásè, wọ́n gbé bátìrì Edison dání kí iná mànàmáná lè tàn nínú àgọ́, àwọn oníròyìn àti onífọ́tò sì ń tẹ̀ lé wọn kí gbogbo ayé lè rí bí wọ́n ṣe ń dá wà. Ní 1921, Ààrẹ Warren Harding náà lọ bá wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn irú ìyẹn, ta ni yóò wá sọ fún akọ̀wé kan láti Detroit pé ẹ̀rọ amúlétutù ti pọ̀ jù nínú igbó?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yẹ kí ẹ wò ó dáadáa. Ní àdúgbò rẹ̀ nílé, Baálé kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé kejì, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà nínú oyún ló ti ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ á wọ gáréèjì, ilẹ̀kùn gáréèjì á wálẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dé ojúlé 47. Kó tó mu kọfí àárọ̀ tán, ó ti kí ọgbà já. Ó mọ ajá wọn lórúkọ. Ó yá ẹni kan ní sípánà, ó tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó gbọ́ bí ọkọ ojúlé 46 ṣe ń hanrun mọ́jú, ojúlé 48 náà sì gbọ́ nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo sílé. Ẹran tí wọ́n ń sun ní 49, imú àwọn ará 47 ló ń jẹ ẹ́. Láàárọ̀ wọ́n á tò síwájú balùwẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ike ọṣẹ lọ́wọ́, “ẹ káàárọ̀” lẹ́nu.

Ẹni tó bá ti gbé ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ rí ní Mushin tàbí ní Bẹẹrẹ ti mọ ibi tí mo ń bọ́rọ̀ lọ. Gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa fi ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀ ni Baálé ń fi dọ́là rà, ó sì ń dù ú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé. Kò sì mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, igbó ló bá wá. Bí ẹ bá sọ fún un pé èèyàn ló wá wá, yóò bínú, torí gbogbo ọ́fíìsì ló ti sọ fún pé èèyàn ni òun ń sá fún.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá ti béèrè Wi-Fi kí táyà tó dúró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bọ́ bàtà, ó wọnú adágún láìbèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì jáde àfìgbà tí òtútù mú kí ètè rẹ̀ máa gbọ̀n. Ní tèmi, òun nìkan ló mọ ìdí tí wọ́n fi wá.

Tó bá di alẹ́, iná yá. Wọn kì í gbé igi ìdáná wá láti ilé. Ní 2002 ni wọ́n rí kòkòrò kan láti ilẹ̀ Éṣíà ní agbègbè Detroit, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ abẹ́ èèpo igi ash. Ó ti pa igi náà ní àìmọye mílíọ̀nù, inú igi ìdáná tí àwọn èèyàn ń kó káàkiri ló sì ń gbà wọkọ̀ lọ síbi tuntun. Nítorí náà, ẹni tó sùn sáàárín igbó ń ra igi tí wọ́n dì ní ìdìpọ̀. Baálé mọ ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí látòkèdélẹ̀, a sì máa rò ó fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó pẹ́ jù nídìí iná rẹ̀. Wọ́n á fi marshmallow sẹ́nu igi, wọ́n á jó o di èédú, wọ́n á fún un sáàárín bisikíìtì àti ṣokoléètì, wọ́n á ní ó dùn. Aago mẹ́wàá lù, òfin ní kí gbogbo ọgbà dákẹ́ títí di mẹ́jọ òwúrọ̀. Baálé wọlé, ó ti fèrèsé, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù kí ariwo àwọn kòkòrò igbó má baà dí i lọ́wọ́ àtisùn.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe. Ó ti ń ran àwọn tiwa.

“Dádì, gbogbo kíláàsì wa ló ti lọ pàgọ́ rí, àfi èmi.”

“Fọlákẹ́, èmi tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi sùn lábà, tí ẹ̀fọn fi ẹ̀jẹ̀ mi jàsè, ìwọ wá ní kí n máa fi dọ́là ra ẹ̀fọn?”

Ọdún kejì, Baba Fọlákẹ́ ti ra tírélà. Ẹran ewúrẹ́ àti ata lílọ̀ ló kún inú kúlà rẹ̀, àwọn ojúlé tó yí i ká sì ń bi ara wọn léèrè ohun tó ń gbóòórùn tó ń mú wọn sín. Lọ́jọ́ tí iná ọgbà kú lójijì, tí àwọn aládùúgbò jáde síta tí wọ́n ń wojú ara wọn, òun ti fa okùn jẹnẹrétọ̀, fìríìjì rẹ̀ ti ń dún. “Ó ti pẹ́ tí a ti ń pàgọ́ o,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Mo ní a óò padà sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Táǹkì méjì ló wà lábẹ́ tírélà: omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ ń lọ sínú ọ̀kan, èkejì kò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. Iná wínníwínní kan wà lára ògiri tó yẹ kó máa sọ bí táǹkì ṣe kún tó. Irọ́ ló ń pa, gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, wọ́n sì ń lọ wò ó lóòrèkóòrè. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ẹni tí àsìkò rẹ̀ pé gbọ́dọ̀ ti jáde, nítorí náà láti àárọ̀ ni tírélà ti ń tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń da omi táǹkì nù.

Agbépòó ayé ọjọ́un ní Ìbàdàn àti Èkó, òru ló ń jáde, a sì máa bojú kí àna rẹ̀ má baà dá a mọ̀. Ọmọdé tó bá fi í ṣẹ̀fẹ̀ ra ìjàngbọ̀n. Baálé, tó gboyè yunifásítì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ “sà” fún, ọ̀sán gangan ló wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó so páìpù mọ́ ìdí ilé rẹ̀, ó fa irin, ó sì dúró tì í, ó dẹtí sílẹ̀. Táǹkì ìgbẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà, kí omi ọṣẹ lè tẹ̀ lé e láti fọ páìpù; ẹni tó bá ṣe é lódì, wọn yóò máa sọ ọ́ títí ọdún tó ń bọ̀. Ó ń ṣàlàyé irú páìpù tó dára jù fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn náà lọ yọ tirẹ̀ wá fi hàn án. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Láti ọjọ́ Ẹtì tó ti ní òun ń lọ sinmi, ìgbà yìí ni ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gba ojúlé sílẹ̀ ní àwọn ọgbà ìjọba Michigan, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ oṣù Keje, inú oṣù Kìíní ni yóò ti jí. Ẹ wá wo ilé Baálé lọ́jọ́ náà. Yìnyín ti dé orókùn níta. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Baálé ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, ìyàwó rẹ̀ di fóònù mú, ọmọkùnrin tó ní igbó ti sú òun ti ṣí kọ̀ǹpútà iléèwé rẹ̀, wọ́n sì ti jí ìyá ìyàwó nílé tirẹ̀ kó lè bá wọn tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀hún. Aago lù. Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. 47 ti lọ. 46 ti lọ. Gbogbo èyí tó sún mọ́ omi ti lọ kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Ọ̀kan ló kù, ó fara ti balùwẹ̀ gbogbogbòò, ojú ọ̀nà tí gbogbo ọgbà yóò máa gbà kọjá láàárọ̀ ló wà, èèyàn kò sì lè rí adágún níbẹ̀ bó tilẹ̀ gun òrùlé.

“Gbà á kíá,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Baálé ti gbà á. Ó fi ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ojúlé náà, ojú rẹ̀ sì là.

“50 áḿpù ni o!”