Ìyá Harvard

Bí ẹ bá dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé olówó gọbọi kan ní Ìkẹjà GRA tàbí Lẹ́kí lásìkò tí àwọn ọmọ ń jáde, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ni mọ́mì tó ń wí fún mọ́mì kejì pé: "A ti ṣe SAT o. 1480 la gbà, ṣùgbọ́n a máa tún un ṣe. Ta ló ń gbé 1480 lọ síwájú Harvard?" Ẹ má wulẹ̀ wò yíká pé àwọn wo ló wà nínú "a" yẹn. Ọmọ tó ṣe ìdánwò náà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ìyá Harvard là ń pè é ládùúgbò. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Ọdún 2015 ni nǹkan yìí mú un, nígbà tí ìròyìn gbòde pé Harold Ekeh, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé ní Long Island, wọlé sí gbogbo yunifásítì Ivy League mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Augusta Uwamanzu-Nna, láti ilé ìwé Elmont Memorial kan náà, tún wọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Wọ́n ní ọmọ náà ti ṣe ìwádìí lórí sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì! Ìyá Harvard di èyí mú ṣinṣin. Bí ọmọ tirẹ̀ ṣe wọ JSS 1, ó ní kí dírẹ́bà lọ ra àpò méjì wá. "Ó yá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí," ló wí fọ́mọ. Ìwádìí wo? Àpò méjèèjì ti gan di òkúta lẹ́yìn gáréèjì, orí wọn ni máígáàdì ń jókòó gbọ́ rédíò.

Fọ́ọ̀mù Common App tí wọ́n fi ń wọ àwọn yunifásítì yẹn fi àyè 10 sílẹ̀ fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé. Wọn kò sọ pé dandan ni kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kún, ṣùgbọ́n àyè tó ṣófo máa ń fún Ìyá Harvard ní ẹ̀fọ́rí. Fáyólìnì lọ́jọ́ Ajé, chess lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èdè Ṣáínà lọ́jọ́rú, gọ́ọ̀fù lọ́jọ́bọ̀. Mo béèrè bóyá Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó rí aláìsàn: "Yorùbá kẹ̀? Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní Massachusetts?" (Harvard ń kọ́ni ní Yorùbá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Olúpọ̀nà sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó ń kọ́ wọn nípa ẹ̀sìn ilẹ̀ wa. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.)

Ọmọ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di olùdásílẹ̀ àti ààrẹ NGO. Mo bá wọn débi iṣẹ́ àánú àkọ́kọ́, nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan: páálí Indomie mẹ́fà, onífọ́tò méjì, àti bánà tí ojú ààrẹ gba ìdajì rẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ kan gba Indomie tirẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Onífọ́tò ní kó dá a padà, ààrẹ kò tíì rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fún un. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn, fọ́tò dúdú, wọ́n tún gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ta ọmọ yẹn lọ́rẹ Indomie ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìjẹ́rìí tún kù. Tíṣà tó kọ́ ọmọ ní kíláàsì ni àwọn yunifásítì náà fẹ́ kó kọ ọ́, kó sọ ohun tó fojú rí. Ìyá Harvard ní ta ni tíṣà jẹ́? Ó gba ti sẹ́nétọ̀, ó gba ti bíṣọ́ọ̀bù, ó gba ti kábíyèsí kan. Kábíyèsí yin ọmọbìnrin náà gidigidi. Ọkùnrin ni ọmọ náà.

Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 2019 pé àwọn olówó kan ní Amẹ́ríkà ń fowó ra máàkì àti ọ̀nà ẹ̀bùrú fọ́mọ, tí àwọn òṣèré bíi Felicity Huffman àti Lori Loughlin tìtorí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n, Ìyá Harvard pàtẹ́wọ́, ó ní ayé ti bàjẹ́. Ó ṣépè fún wọn tán, ó wá rọra béèrè pé èló ni wọ́n san.

Mo sọ fún un pé lọ́dún 2024, àwọn tó kọ̀wé sí Harvard lé ní 54,000, àwọn tí wọ́n sì mú kò pé 2,000. Ó ní àwọn tó kù kò ní Ọlọ́run wa. Ó gbé lápútọ́ọ̀pù lọ sórí òkè, wòlíì da òróró sí i. Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà A kò ti ṣiṣẹ́ mọ́.

EducationUSA wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà nílùú Èkó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Agbaninímọ̀ràn tó ń gba dọ́là ló háyà. Ìyẹn kò wo fáìlì. Ó yíjú sí ọmọ, ó ní: "Kí lo máa ń ṣe bí ẹnikẹ́ni ò bá rán ẹ níṣẹ́?"

Ọmọ wojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ fa ìwé kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó ọkọ̀ dánfó ló kún inú rẹ̀: Ọjọ́ta sí Ọ̀báléńdé, Òṣòdì sí Ìyànà-Ìpájà, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀, ti ọjọ́ òjò lọ́tọ̀. Ó fi bírò pupa ya bí owó ṣe fò sókè lóṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ iye ìgbà tí kọ̀ńdọ́ so èrò méjì pọ̀ nítorí ṣéńjì.

"Agbèrò!" Ìyá Harvard dìde. "Agbèrò ló fẹ́ dà sí mi lọ́wọ́!"

Agbaninímọ̀ràn ní kó jókòó. Ó ní èyí gan-an ni kí ọmọ fi kọ àròkọ rẹ̀, fúnra rẹ̀, kí mọ́mì má fọwọ́ kàn án. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò wọ mọ́mì létí.

Kí oṣù tó parí, bánà ti dé gáréèjì Ọjọ́ta. Wọ́n ta kánópì, wọ́n rán ankò, dídásílẹ̀ NGO tuntun lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà ọkọ̀ ni, ààrẹ wọ kóòtù nínú oòrùn. Ìyá Harvard wá kọ̀ńdọ́ kan tó mọ ọmọ náà dáadáa kàn, ó ní kó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, kó sì jọ̀wọ́ fi orí ìwé iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́.

Kọ̀ńdọ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún gbójú wo sánmà. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń wọlé ni? Òjò ti ṣú o, owó ọkọ̀ ti yí padà. Ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́."